Orí Keje: Erìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀ àti Iṣan Tó Ń Le

Ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ àti Ẹmùré mọ rọ́bà tó ń gbé epo láti táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì dáadáa. Nígbà tó ṣì tuntun, ó rọ̀. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún díẹ̀, á gan, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, epo kò sì ní lọ geere mọ́.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá á máa wọ ara ògiri rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á le, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì fún. Lọ́jọ́ tí ojú ibi tí ọ̀rá wà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á dí. Bó bá jẹ́ inú ọpọlọ ló ti dí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ iṣan ọkàn ni, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ lórí ebè. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ á ní wọ́n ta á lọ́fà ni.

Kí ló ń mú kí iṣan le? A mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá àpọ̀jù. Àmọ́ àwọn onímọ̀ kan bi ara wọn bóyá kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà náà lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 1988, Pekka Saikku àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn ọkàn wò. Wọ́n rí àmì pé ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá kòkòrò Chlamydia pneumoniae jà. Ikọ́ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni kòkòrò yìí ń fà. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn rí i nínú iṣan tó ti le gan-an.

Wọ́n tún rí kòkòrò inú ẹnu níbẹ̀, èyí ló sì kàn wá jù. Bí a bá jẹ iyán tán tí a kò fọ ẹnu wa mọ́, kòkòrò á pọ̀ sí ìdí eyín. Erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí pákò bá kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ẹ̀jẹ̀ yẹn sí, àfìgbà tí eyín bá ń mì. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni. Kòkòrò á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á dìde sí i. Ibi tí wọ́n bá ti ń jà á gbóná, á wú. Bí ìjà náà kò bá tán fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣeé ṣe kí ògiri iṣan fara gbá a.

Ó ṣeé ṣe ni mo wí. Ẹni tí a bá níbi tí ilé ti ń jó lè jẹ́ ẹni tó dáná, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wá pa á. Kí wọ́n lè mọ òótọ́, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kó àwọn alárùn ọkàn tó lé ní 4,000 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní azithromycin, oògùn apakòkòrò, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tó jọ ọ́, tí kò ní nǹkan kan nínú. Èsì jáde lọ́dún 2005: oògùn náà kò dín ìkọlù ọkàn kù. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Denmark, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006, ikú pọ̀ láàárín àwọn tó lo clarithromycin, oògùn apakòkòrò mìíràn, ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ra kápúsù lọ́jà. Kò ní la iṣan yín. Ńṣe ló máa kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́gun oògùn, títí oògùn yẹn kò fi ní ran ọmọ yín lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Lọ́dún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà, tó lé ní 2,000, wé àwọn tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí wọ́n rí. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti jinná. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù.

Lójú tèmi, bí kòkòrò ẹnu bá tiẹ̀ wà lára àwọn olè tó ń ba iṣan wa jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Ẹ fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ rí dókítà eyín kí eyín tó mì. Bí ẹ bá sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹ̀yin náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.