Àgógó àti Ẹsẹ̀: Bí A Ti Ń Dá Ẹyẹ Mọ̀

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, wí pé láti inú igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó kọ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan ni orúkọ Mọdákẹ́kẹ́ ti jáde wá. Ó yẹ kí ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ẹyẹ, pàápàá àgbẹ̀. Nítorí ẹni tí kò dá ẹyẹ mọ̀ lè pa olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì dá olè sí.

Kí ni ẹyẹ? Ẹyẹ ni ẹ̀dá tí ó ní ìyẹ́ lára, tí ó ní àgógó tí kò léyín, tí ó sì ń yé ẹyin. Àdán ń fò, ṣùgbọ́n irun ni ó bò ó lára, ó léyín, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Kì í ṣe ẹyẹ. Ògòǹgò kò lè fò, síbẹ̀ ẹyẹ ni.

Ní ọdún 1758, Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Sweden, pín àwọn ẹyẹ sí ìsọ̀rí 6. Lónìí a mọ irú ẹyẹ tí ó ju 10,000 lọ, ìsọ̀rí wọn sì ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àgógó àti ẹsẹ̀ tí ó wò ṣì wúlò fún ẹni tí ó dúró nínú oko. Àgógó ń sọ ohun tí ẹyẹ ń jẹ. Ẹsẹ̀ ń sọ bí ó ti ń rí i.

1. Apẹran: àwòdì, idì, òwìwí. Àgógó wọn tẹ̀ bí ìwọ̀, èékánná wọn mú. Àgógó igún tẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ kò mú tó ti àwòdì. Òkú ẹran ni oúnjẹ rẹ̀.
2. Atanlẹ̀: adìẹ, àparò, ẹtù. Àgógó wọn kúrú, ẹsẹ̀ wọn le.
3. Ajẹkóró: ẹ̀gà. Àgógó rẹ̀ nípọn nídìí; ìka 3 wà níwájú, 1 lẹ́yìn, láti di ẹ̀ka mú.
4. Olúwẹ̀ẹ́: pẹ́pẹ́yẹ. Àgógó rẹ̀ pẹlẹbẹ, awọ so ìka rẹ̀ pọ̀.
5. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn: àkọ̀, lékèélékèé. Àgógó wọn gùn bí ọ̀kọ̀.
6. Agungi: àkókó, odídẹ. Ìka 2 wà níwájú, 2 lẹ́yìn. Àgógó àkókó tọ́, ó ń gbẹ́ igi. Ti odídẹ tẹ̀, ó ń fọ́ ẹyìn.

Nísinsìnyí, kí àgbẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ẹ̀gà ń jẹ ọkà, ó sì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ. Kí a lé e. Lékèélékèé ń ṣa tata. Kí a fi í sílẹ̀. Òwìwí ni a ń sọ lókùúta, tí a ń pè ní ẹyẹ àjẹ́. Ẹ wo àgógó rẹ̀: kò lè ṣa àgbàdo. Ẹ wo èékánná rẹ̀: eku ni a fi dá wọn. Eku ń jẹ àgbàdo inú àká, irú rẹ̀ kan sì ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 láti ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Ẹni tí ó pa òwìwí gba eku là. Ṣùgbọ́n òwìwí nìkan kò tó: kí a bo oúnjẹ dáadáa, kí a má sá gààrí sí ìta gbangba, kí a sì gbá àyíká ilé mọ́.

Ìbéèrè: (1) Èéṣe tí àdán kì í fi í ṣe ẹyẹ? (2) Kí ni ó ya ẹsẹ̀ igún nípa sí ti àwòdì? (3) Ẹyẹ wo ni ó ń ṣọ́ àká lóru?