Ṣé mùdùnmúdùn Táíwò lè wo Kẹ́hìndé sàn?

Ìbéèrè: Igbó-Ọrà ni mo ń gbé. Kẹ́hìndé mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Táíwò kò ní in. Ṣé mùdùnmúdùn Táíwò lè wò ó sàn?
– Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, Ìyá Ìbejì. Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà. Òun ló ń bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tí àrùn náà ń bà jẹ́, àti sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ ogun ara. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó ti ara Táíwò wá lè rí ara Kẹ́hìndé bí ọ̀tá, kó gbógun tì í. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìbáramu fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọ yín kì í ṣe ìbejì ẹlẹ́yin kan, nítorí bí wọ́n bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àrùn náà ì bá mú àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí ìbáramu wọn, bíi ti ọmọ ìyá yòókù. Bí Táíwò bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àbùdá àrùn náà ṣùgbọ́n tí kò ní in, ó ṣì lè fi mùdùnmúdùn rẹ̀ tọrẹ. Wọ́n ti fi mùdùnmúdùn ẹlòmíràn tọ́jú alárùn yìí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní 2011. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn.