Ìrìnàjò sí Ilẹ̀ Mímọ́: Kí Ni Kí A Mú Bọ̀ Wálé?

Ibi kíkà: Lúùkù 2:41-46, Jòhánù 4:5-26, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26-39

 Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu wa nínú ẹgbẹ́, èyíinì ni ìrìnàjò sí Jerúsálẹ́mù. Inú wa máa ń dùn nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá lọ tí ó sì bọ̀ ní àlàáfíà. A máa ń ṣe ìdúpẹ́, a máa ń dáṣọ, a sì máa ń fi JP kún orúkọ rẹ̀ (àwọn adájọ́ àlàáfíà náà ń jẹ́ JP, ó sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tí ó ń ka orúkọ). Kò sí ohun tí ó burú nínú ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí ohun méjì tí ó yẹ kí a jókòó sọ láàárín ara wa bí ọmọ ìyá. Èkíní ni pé bí a bá bi ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti lọ léèrè pé kí ni wọ́n rí, ìdáhùn wọn kì í ju pé ibẹ̀ dára púpọ̀ lọ. Èkejì ni pé àwọn tí kò lè lọ ti ń wo ara wọn bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé. Àwọn opó wà láàárín wa tí wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n má baà kú láì fojú kan Jerúsálẹ́mù. Nítorí tiwọn gan-an ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí a lọ sin Ọlọ́run ní ibi tí ó jìnnà kì í ṣe ohun tuntun. Ẹ wo Diutarónómì 16:16. Ẹ tún wo Lúùkù 2: ọdọọdún ni Jósẹ́fù àti Màríà máa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá, àwọn ará àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n sì jọ ń lọ. Ní ẹsẹ 44, odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé Ọmọ kò sí láàárín wọn. Wọ́n rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Àwa tí a ti kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbi ìdíje eré ìdárayá rí mọ ohun tí à ń pè ní kíka orí. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń lọ sí òkèèrè, kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa ka orí nígbà tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì àti nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyá tí kò lè yára rìn sí àárín, kí wọ́n má fi í sẹ́yìn.

Ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ náà wà nínú àwọn tí Bíbélì sọ pé ó lọ. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti Jerúsálẹ́mù bọ̀, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ìwé Aísáyà. Ó ń kà á sókè, kò sì yé e. Kò tijú láti sọ fún Fílípì pé kò yé òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjòyè ńlá.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a fi arábìnrin kan hàn yín tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Egeria ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 381 sí 384, èyí tí ó ti ju 1,600 ọdún lọ báyìí, obìnrin yìí ti ìhà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀ àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká: ó dé Íjíbítì, ó dé òkè Sínáì, ó dé òkè Nébò níbi tí Mósè ti wo ilẹ̀ ìlérí kí ó tó kú. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà, kò sí bọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí ó rí ni ó kọ sínú lẹ́tà gígùn kan ní èdè Látìn, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà nílé. Arábìnrin ni ó ń pè wọ́n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn bí ìyá. Lẹ́tà náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí a rí ẹ̀dà kan tí a fọwọ́ kọ ní ìlú Arezzo ní Ítálì ní ọdún 1884. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ti já dànù, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù tó wa kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ wo bí arábìnrin yìí ti ń ṣe é. Ibikíbi tí ó bá dé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń lọ yóò gbàdúrà, wọn yóò ṣí Bíbélì sí ibi tí ó sọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, wọn yóò kà á, wọn yóò kọ orin Dáfídì kan, wọn yóò sì tún gbàdúrà. Ẹsẹ̀ ni ó fi gun òkè Sínáì, nítorí òkè náà ga ṣánṣán, kò ṣeé jókòó sórí ohunkóhun gùn. Nígbà tí wọ́n dé orí rẹ̀, wọ́n ka ibẹ̀ láti inú ìwé Mósè, wọ́n jẹ Oúnjẹ Olúwa, àwọn àlùfáà òkè náà sì fún wọn ní èso jẹ. Èyí wù wá púpọ̀. Ìrìnàjò tí a kò ti ṣí Bíbélì kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ènìyàn lọ najú, bí a tilẹ̀ ya àwòrán ọgọ́rùn-ún.

Èyí tí ó wù wá jù lọ ni ọ̀rọ̀ aya Lọ́ọ̀tì. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn obìnrin tí ó bojú wẹ̀yìn tí ó sì di ọ̀wọ̀n iyọ̀, nínú Jẹ́nẹ́sísì 19. Egeria dé ibi tí a ti lè wo ìhà ọ̀dọ̀ Òkun Iyọ̀, wọ́n sì fi ibi tí ọ̀wọ̀n náà ti wà rí hàn án. Ó kọ̀wé sí àwọn arábìnrin rẹ̀ pé òun rí ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rí ọ̀wọ̀n kankan, òun kò sì lè tàn wọ́n jẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bíṣọ́ọ̀bù agbègbè náà ló sọ fún wọn pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti rí i kẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ronú sí i. Ó ti rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nílé tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ì bá rọrùn fún un láti ní òun rí i. Ó sọ òtítọ́ fún àwọn obìnrin tí kò lè lọ, nítorí pé ó ka ìgbàgbọ́ wọn sí ohun iyebíye.

Ó tún sọ fún wọn nípa Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, gbogbo ìjọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ólífì pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka igi ólífì, wọ́n á gbé àwọn ọmọdé tí kò lè rìn sí èjìká, wọ́n á sì máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má baà rẹ àwọn àgbà. Èdè Gíríìkì ni bíṣọ́ọ̀bù fi ń wàásù. Àlùfáà kan yóò dúró tì í láti túmọ̀ sí èdè Síríà, àwọn ará mìíràn yóò sì túmọ̀ sí Látìn fún àwọn tí kò gbọ́ méjèèjì. Ògbufọ̀ tí ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù nínú ìjọ wa, iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ o!

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, a máa ń gbé igi tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti àgbélébùú síta kí àwọn ènìyàn lè fi ẹnu kò ó. Bíṣọ́ọ̀bù yóò di í mú, àwọn díákónì yóò sì yí i ká bí ọlọ́dẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé a sọ pé ẹnìkan ti fi eyín gé lára igi náà lọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ènìyàn rí: kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó gbàdúrà lásán, ó fẹ́ kó nǹkan sápò. Lónìí, omi Jọ́dánì inú ìgò, òróró ólífì àti erùpẹ̀ inú ọ̀rá ni a ń kó bọ̀. Bí a bá mú wọn wálé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dá iye owó lé wọn, tí a sì ń sọ fún aláìsàn pé kí ó mu ún kí ó lè rí ìwòsàn, a ti kúrò ní ọ̀nà. Bákan náà ni ìrìbọmi ní Jọ́dánì. Ẹ̀kọ́ ìjọ wa ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣe ìrìbọmi. Ẹni tí ó bá dé etí odò náà lè tún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sọ níwájú Ọlọ́run, kí ó má ṣe rò pé èyí tí a ṣe fún un ní kékeré kò pé.

Ohun tí àwọn afinimọ̀nà ń fi hàn lónìí kò dọ́gba, ó sì yẹ kí a lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ mú ibojì Jésù. Ibi méjì ni a máa ń mú àwọn ènìyàn lọ. Ọ̀kan ni ilé ìsìn ńlá tí a ń pè ní ti Ibojì Mímọ́, tí Ọba Kọnstantínì kọ́ tí a sì yà sí mímọ́ ní ọdún 335. Wọ́n wó o ní ọdún 1009, wọ́n sì tún un kọ́. Ìjọ mẹ́fà ni ó pín in lò, ìdílé Mùsùlùmí méjì ni ó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èkejì ni Ibojì Inú Ọgbà, tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Gordon, polongo ní ọdún 1883. Ibẹ̀ tutù, òdòdó wà níbẹ̀, ariwo kò sí, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwa Pùròtẹ́sítáǹtì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ka Jòhánù 19:41: ibojì titun ni. Àwọn onímọ̀ tí ó ń wú ilẹ̀ sì sọ pé ibojì inú ọgbà yìí ti wà ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú Jésù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èkíní ni ó súnmọ́ òtítọ́. A lè gbàdúrà dáadáa nínú ọgbà náà láì sọ ohun tí kò dá wa lójú.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í purọ́ ní tirẹ̀. Òkun Gálílì tí a ń kà nípa rẹ̀ jẹ́ adágún omi tí kò níyọ̀, gígùn rẹ̀ tó 21 kìlómítà, fífẹ̀ rẹ̀ tó 13. Ní ọdún 1986 tí ọ̀dá mú kí omi rẹ̀ fà, a rí ọkọ̀ ìpẹja kan nínú ẹrẹ̀ etí rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, tí a sì mọ̀ pé ó jẹ́ ti ìgbà ayé Jésù. A kò mọ ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ tí Pétérù ń wọ̀ nìyẹn. Nínú Lúùkù 10:30, ọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò. Jerúsálẹ́mù wà lórí òkè, Jẹ́ríkò sì wà nísàlẹ̀ ju ìpele òkun lọ. Ìsọ̀kalẹ̀ náà ju 1,000 mítà lọ láàárín ọ̀nà tí kò tó 30 kìlómítà, nínú aṣálẹ̀ àti kòtò níbi tí ọlọ́ṣà lè fara pamọ́ sí.

Kànga Jákọ́bù wà ní ẹ̀bá ìlú Nablus títí di òní. Ó jìn tó nǹkan bí 40 mítà, nítorí náà obìnrin ará Samáríà mọ ohun tí ó ń sọ ní Jòhánù 4:11. Ọ̀rọ̀ ibi mímọ́ gan-an ni ó sì gbé dìde níwájú Jésù: ṣé orí òkè yìí ni, tàbí Jerúsálẹ́mù? Ẹ ka ìdáhùn Olúwa ní ẹsẹ 21 sí 24, kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú kíláàsì. Ó sọ ọ́ fún obìnrin tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ tẹ́ḿpìlì, pé wákàtí ń bọ̀ tí Baba kò ní béèrè pé orí òkè wo ni a dúró lé.

Nítorí náà, ìyá tí kò lọ, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. John Wesley, baba ìjọ wa, kò fojú kan Jerúsálẹ́mù títí ó fi kú ní ọdún 1791. Ìrìnàjò náà kì í ṣe òfin fún Kristẹni, kò sì sí ibi tí a ti ní kí opó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Bí ọmọ bá fi tọkàntọkàn sanwó fún yín, ẹ lọ, ẹ gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́, kí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó oògùn yín kọ́kọ́ jáde. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tí ìjọ kò mọ̀, kí ẹ sì bèèrè bí ìlú ti rí kí ẹ tó san án, nítorí ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 dá ọ̀pọ̀ ìrìnàjò dúró. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ mú bàtà pẹlẹbẹ. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà inú Jerúsálẹ́mù àtijọ́, ó sì ń yọ̀. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó lè lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Thomas Birch Freeman, ojíṣẹ́ ìjọ wa, ti wàásù ní 24 September 1842. Igi Agia tí a ń sọ nípa rẹ̀ ti wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n àmì ìrántí wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣí Bíbélì níbẹ̀ pẹ̀lú.

A sì ń bẹ ẹni tí ó bá lọ pé kí ó mú ìwé kékeré kan dání. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ibi tí ó dé, ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà níbẹ̀, àti ohun tí ó rí, kí ó kọ èyí tí kò rí náà. Nígbà tí ó bá bọ̀, kí ẹgbẹ́ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan gbáko kí ó kà á fún wa, kí ọjọ́ náà tó di ọjọ́ ìdúpẹ́ àti aṣọ.

Fún ìjíròrò: Kí ni ìwẹ̀fà ará Etiópíà mú bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù, kí sì ni ó rí gbà lójú ọ̀nà? Èwo nínú àwọn ìtàn Bíbélì ni yóò yé wa sí i bí a bá mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí? Bí owó ẹgbẹ́ wa bá tó láti rán ẹnìkan ṣoṣo lọ, ta ni a óò rán, kí ni a óò sì ní kí ó kọ wá fún wa?