Ohun Tó Wà Lẹ́yìn “A Dúpẹ́”

Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” yóò ní, “A dúpẹ́.” Ẹni tí onílé lé jáde lánàá á ní a dúpẹ́. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná mọ́jú á ní a dúpẹ́. Ọmọlúàbí kì í tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. “A dúpẹ́” ni ẹ̀fà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dúró gbọ́ èyí tó kù.

Nígbà tí ọkọ ọ̀rẹ́ ìyá mi kan kú n'Ìbàdàn, mo wà lára àwọn tó lọ kí i. Pálọ̀ kún. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù.” “Ẹ ṣe ọkàn gírí.” “Ẹ má sunkún mọ́, ẹ rántí àwọn ọmọ.” Obìnrin náà ń mi orí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Lọ́sàn-án, ìyá àgbà kan láti ojúlé kejì wọlé. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa atẹ ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ sè fún àlejò mọ́ra, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, “Ìyàwó, kí lọkọ wa máa ń jẹ láàárọ̀?”

“Ẹ̀kọ gbígbóná ni, Màmá. Ẹ̀kọ àti àkàrà. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ò gbọdọ̀ sí nínú àkàrà ọ̀hún o! Tó bá rí i, á máa fi ìka yọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, á tò ó sétí àwo.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni ẹkún dé, ẹkún gidi, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà kò ní kó dákẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa tá a ní kó má sunkún, mo rò pé ara tiwa là ń wá ìtura fún.

Ìbéèrè kékeré, èyí tí ẹlòmíì ò lè bá a dáhùn, ni kẹ́ ẹ máa bi èèyàn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹ kó bá ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mu, kódà nínú ìkíni. Wọn kì í kí onídìrí bí ẹní kí aláró: “Ojú gbooro o” ni ti onídìrí, “Àrẹ̀dú o” ni ti aláró, ẹni tó pàtẹ ń gbọ́ “Ajé á wọ igbá o.” Oríkì náà ńkọ́? Ẹ fi kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, “Àjàní, ẹ káàárọ̀ o,” kẹ́ ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe là.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù ni “èmi náà.” Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ń dun òun, a ti ní, “Ha, tèmi lọ́dún tó kọjá ńkọ́!” Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́yìn dídùn nìyẹn. Ó ṣòro láti kó ẹnu ẹni níjàánu, mo mọ̀. Bí ẹnìkan bá ń ráhùn nípa owó tí wọ́n pín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá bi í pé, “Ṣé kì í ṣe owó yẹn gan-an ló dùn ọ́, pé wọn ò tiẹ̀ pè ọ́ sí i ni?” Bẹ́ ẹ bá ṣì í gbọ́, á tún un ṣe fún yín. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, á ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.”

Bó bá sì yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ bá a yí i. Ìtojúbọ̀ kọ́ là ń wí. Ohun tó bá sọ, kó má rìn dé ojúlé kejì.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a péjọ ṣàdúrà, ìyá àgbà yẹn tún wá. Abọ́ àkàrà ló gbé dání, ó ṣì ń gbóná. Kò sí àlùbọ́sà nínú rẹ̀.