"A Gbọ́" Kì Í Ṣe "A Gbà": Bí A Ṣe Ń Kọ Mínítì Ìpàdé Kánsù

Ọ̀rọ̀ mínítì ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ oníròyìn wa, mo sì ti fi mínítì kó akápò wa sí wàhálà rí.

Ní sáà tó kọjá, akápò dábàá pé kí a fi ₦4,500 ra páálí àti gọ́ọ̀mù. Gbogbo wa nawọ́ sókè. Ohun tí mo kọ ni: "A gbọ́ ọ̀rọ̀ akápò nípa páálí." Ó tán. N kò kọ iye owó, n kò sì kọ ọ́ pé a gbà. Nígbà tí a ń ṣírò owó, àwọn kan ní àwọn ò rántí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣí ìwé mi, ìwé mi ò sì gbè é. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè lábẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wò ó ní kánsù. Ọ̀dà wa yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù mọ́kànlá tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń yan kánsẹ́lọ̀ tirẹ̀. Ká ní kánsẹ́lọ̀ kan dìde lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ pé, "Ilé jíròrò lórí gọ́tà." Ṣé jíròrò ló máa gbẹ́ gọ́tà? Mínítì gidi á sọ ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, gọ́tà àdúgbò wo, èló, ta ló máa ṣe é, àti ìgbà wo. Tí wọ́n bá dìbò, iye ìbò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Lókè ìwé, ẹ kọ ọjọ́, ibi ìpàdé, aago, àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá. Ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá èèyàn pé tó láti pinnu nǹkan kan.

Ẹ má kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu o. Hansard ilé aṣòfin l'Abuja ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ má sì kọ ọ́ pé "kánsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa". Èrò akọ̀wé nìyẹn, kò kan ìpàdé.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn èèyàn á sọ Yorùbá, akọ̀wé á máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Alága á ní "A ti gbọ́," akọ̀wé á kọ ọ́ pé wọ́n ti gbà. Àgbàlagbà wo nílùú yìí ni kò mọ̀ pé "a ti gbọ́" lè jẹ́ "ẹ lọ jókòó"? Tí kò bá yé yín, ẹ nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a gbà ni àbí a kàn gbọ́?" Kì í ṣe àfojúdi.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ ka mínítì sókè kí alága tó fọwọ́ sí i, ẹ má kà á bí ẹni tí ebi ń pa. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ má fi Tipp-Ex kàn án mọ́. Inú mínítì tuntun ni àtúnṣe ń wọ̀.

Ìdí tí èyí fi kan gbogbo wa ni pé òfin ọdún 2011 lórí òmìnira láti rí ìwé ìjọba gbà wá láyè láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, àyàfi àwọn ìwé tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "ilé jíròrò" ni wọ́n kọ, kí ni a fẹ́ rí kà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dìde nípàdé wa, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Igbákejì alága dábàá àtúnṣe, ẹnì kan kín in lẹ́yìn, a sì dìbò: méjìlá gbà, ẹyọ kan kọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ₦4,500 fún páálí àti gọ́ọ̀mù ní sáà tó kọjá. Akápò kò jẹ gbèsè." Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dìde.