"Pomp", "Pompous" àti "Durbar": Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ayẹyẹ Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá wọn ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nìyí. Ọmọ tó bá fẹ́ yin wọ́límọ̀ nínú àròkọ rẹ̀ a máa kọ "a pompous ceremony". Ó rò pé ìyìn ni, èébú ni. "Pompous" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tó ń gbéra ga, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí irú òun. "Pomp" tí a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ kò burú tó bẹ́ẹ̀: ẹwà àti ọlá tó hàn síta níbi ayẹyẹ ni. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọ̀wọ́ èèyàn tó ń tò lọ lójú ọ̀nà, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní mawkib. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń pe ìyẹn ní "procession". Bí àwọn ọmọ tó parí Kùránì bá wọ funfun, tí wọ́n ń tò yí Imasayi ká, "procession" ni kí ẹ kọ. "Parade" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń yan bí ológun ni. "Pageantry" ń fẹ́ aṣọ aláràbarà, ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlù àti kàkàkí. Ẹ má fi ṣàpèjúwe ìsìnkú o. "Solemn" ló bá ibẹ̀ mu.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "durbar". Ọ̀pọ̀ rò pé Lárúbáwá ni, nítorí pé ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ni àwọn ará Kánò ń ṣe é. Kì í ṣe Lárúbáwá, kì í sì í ṣe Haúsá, torí Hawan Sallah ni Haúsá ń pè é. Ọ̀rọ̀ Páṣíà ni, ó túmọ̀ sí ààfin tí ọba ti ń gba àlejò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá a ní Íńdíà, wọ́n fi pe àpéjọ ńlá tí wọ́n ṣe ní Delhi ní 1877, 1903 àti 1911, wọ́n sì gbé e dé Òkè Ọya. Orúkọ yìí náà ni UNESCO fi kọ ti Kánò sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní oṣù Kejìlá 2024.

Ẹ wá wo Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régberégbe ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé Balógun ń gẹṣin. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní "the Ijebu durbar", ó ti yá ohun tó wà nílé. Ojúde Ọba ti fi Yorùbá sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Páṣíà yẹn ń sọ. Ẹ kọ "the Ojude Oba festival" sínú Gẹ̀ẹ́sì yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó wá "spectacular" kún un, ẹ kọ ohun tí ojú rí: "The horsemen rode past one after another, and the drummers followed them." Ọmọ tó kọ èyí kò nílò "pomp" mọ́.