Ẹ Jókòó Ti Ọmọ Náà Ná

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pè mí sí yunifásítì kékeré kan, kí n wá gbọ́ àbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó na ètò ẹ̀kọ́ tó ní òun ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sókè: àtẹ aláwọ̀ mèremère, ohun tí ọmọ yóò mọ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, lọ́sẹ̀ kejì, títí dé òpin táàmù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bi í pé ọwọ́ wo ni ọmọ náà fi ń kọ̀wé. Kò mọ̀. Mo ní bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n ńkọ́, báwo ló ṣe ń sọ fún olùkọ́? Kò mọ ìyẹn náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wa ètò ọ̀hún jáde, orúkọ ọmọ nìkan ló fi sí i. Èyí tó wá dùn mí wọra ni pé ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń yìn ín pé orí rẹ̀ pé, pé ó mọ bí a ṣe ń gé iṣẹ́ kúrú.

Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ àmì mẹ́fà Braille, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún la ti ń gún un lórí síléètì kí ó lè ṣeé kà láti òsì. Ẹ mọ èdè ọwọ́. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ló ṣáájú gbogbo ìyẹn: kí ẹ jókòó ti ọmọ. Ẹ lọ sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti bírò, ẹ má tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ máa wò ó, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ojú yín rí sílẹ̀. Ọjọ́ kan kò tó. Ọmọ tí ẹ rí láàárọ̀ lè má jọ ọmọ tí ẹ ó rí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ èyí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́, ìyá olùkọ́ kan ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ bí ọ̀lẹ, olóríkunkun, dìndìnrìn, kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé mi. “Ìdájọ́ nìyẹn,” ó ní, “ohun tí o rí ni kí o kọ.” Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì náà tí àwọn olùkọ́ ti nà sú. Wọ́n ní ìgbà tó bá wù ú ló ń gbọ́ràn. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kọjú sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n ṣí ìwé. Ọmọ náà ṣí tirẹ̀. Olùkọ́ yíjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ̀wé. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kẹta. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, òwú ìdọ̀tí kan wà ní etí òsì rẹ̀. Etí ń ṣọyún. Ìyá olùkọ́ ka ohun tí mo kọ, kò sọ̀rọ̀, ó gbé àga ọmọ náà wá síwájú, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Etí tó ń ṣọyún lè gbọ́ lónìí, kí ó di lọ́la. Ohun tí wọ́n ń pè ní agídí nìyẹn. Ọmọ ti jẹgba lé e lórí.

Nítorí náà, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ń ka ètè, ẹ rántí pé ètè kì í fi ohùn hàn: ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wo ẹnu. Ẹni tó bá jókòó tì í pẹ́ ni yóò rí ibi tó ti ń ṣì í gbọ́.

Andrew Foster, tí àrùn sọ di adití ní kékeré ní Amẹ́ríkà, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, òun ló sì mú èdè ọwọ́ tí púpọ̀ nínú wa ń lò wọ ilẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ọmọ tó ti abúlé wá kò bá yín lọ́wọ́ òfìfo. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Mo rí ọmọdébìnrin kan tó ń fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó tún ń fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kò sí àmì tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ tó kọlà lójú ni ọmọ náà ń bèèrè! Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ di ọwọ́ adití mú kí ẹ tó mọ ohun tó ń sọ? Ẹnu rẹ̀ lẹ dì yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì kékeré, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wo Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Ẹ kò mọ ohun tí ẹ ní. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti pọ̀, olùkọ́ mọ orúkọ yín, ó lè bá yín jókòó ka ìwé tí ẹ kọ ní ìlà dé ìlà. Àárò ẹni tó ka tèmi bẹ́ẹ̀ ṣì ń sọ mí. Ẹ lò ó dáadáa, torí òfin ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá gbà yín síbẹ̀, ẹ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ọgbà, láìsí ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ yín wò. Orúkọ tí kò tọ́ tí ẹ bá kọ mọ́ ọmọ lára, òun ni yóò gbé e dàgbà.

Ẹ jókòó ti ìyá ọmọ náà pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ lójú èrò. Ẹ bi í bóyá ibà pọ́njú ṣe ọmọ ní ìkókó, bóyá èéyi bá a jà, nítorí ti àkọ́kọ́ a máa ba etí jẹ́, èkejì a sì máa fọ́ ojú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í pé kí ni ọmọ ń ṣe nílé. Ìyá aláta kan sọ fún mi pé ọmọ òun, tí fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ ní kò lè ka oókan dé eéwàá, ni òun ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún bí òun bá lọ kírun, kì í sì í ṣi ṣéńjì fún oníbàárà. Lọ́jọ́ kejì, mo kó owó náírà sórí tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò níbẹ̀.